Mẹ́táàlì àti Okùn Ìran

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni a ti sọ lórí bóyá èdè Yorùbá tó ohun tí a lè fi ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. N kò fẹ́ tún àríyànjiyàn náà dá sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n mú ọ̀ràn kan tí ó ṣòro díẹ̀, kí n là á yé ni ní èdè wa, kí òǹkàwé sì dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀ràn náà ni àjọṣe tí ó wà láàárín mẹ́táàlì àti okùn ìran tí ń bẹ nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Okùn ìran ni mo pe ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní DNA, nítorí pé inú rẹ̀ ni ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí pamọ́ sí. Ó dà bí àkàbà tí a fi okùn ṣe, tí a sì wá lọ́ po. James Watson àti Francis Crick ni wọ́n ṣàlàyé bí ó ti rí ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí iṣẹ́ Rosalind Franklin, ẹni tí ó fi ìtànṣán X wo okùn náà, ti la ọ̀nà fún wọn. Ìbátan DNA ni RNA, tí ó sábà máa ń jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo, tí ó sì máa ń ká lé ara rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kọ̀ọ̀kan àkàbà yìí ni àwọn phosphate tò sí lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ru agbára iná mànàmáná tí a ń fi àmì ìyọkúrò hàn. Òfin ẹ̀dá ni pé àwọn tí àmì wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà a máa lé ara wọn, àwọn tí àmì wọn bá sì yàtọ̀ a máa fa ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí apá méjèèjì okùn náà pínyà? Lóòótọ́, àwọn igi àárín àkàbà di ara wọn mú, ṣùgbọ́n agbára wọn nìkan kò tó. Mẹ́táàlì ni alárinà wọn.

Mo lo ọ̀rọ̀ àyálò yìí nítorí pé a ní irin, bàbà, òjé, wúrà àti fàdákà, ṣùgbọ́n bí a bá fi irin pe gbogbo wọn, a ó da ọmọ rú mọ́ ìyá. Mẹ́táàlì tí mo ń wí kì í ṣe ègé tí a lè fi ọwọ́ mú. Ó ti yòrò sínú omi ara gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti ń yòrò sínú ọbẹ̀, èérún rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ru àmì ìròpọ̀. Irú èérún bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ion. Ti sodium àti ti potassium ru ìròpọ̀ kan. Ti magnesium ru méjì. Wọn a rọ̀gbà yí okùn ìran ká, wọn a sì pẹ̀tù sí ìjà àárín àwọn phosphate. Bí a bá fi DNA sínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá, wẹ́rẹ́ ni apá méjèèjì yóò tú. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, àfi kí ooru pọ̀ kí ó tó tú.

Magnesium kì í sábà fi ara kan okùn náà ní tààrà. Ẹyọ omi mẹ́fà ni ó máa ń yí i ká, láti àárín omi yìí ni ó sì ti ń di okùn mú, bí àgbà tí ń parí ìjà láìwọ àárín ìjà. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 1982, Thomas Cech àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé RNA ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí ń jẹ́ Tetrahymena lè gé ègé kan kúrò lára ara rẹ̀, kí ó sì so ojú ibi tí ó gé pọ̀, láìsí ìrànlọ́wọ́ purotéènì kankan. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí magnesium, RNA náà kò lè ṣe é. Cech àti Sidney Altman ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 1989.

Tibi tire ni a dá ilé ayé. Mẹ́táàlì tí ó lè gbé okùn ìran ró, òun kan náà ni ó lè dá a dúró. Ní ọdún 1965, Barnett Rosenberg ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ń wádìí ohun tí iná mànàmáná ń ṣe fún bakitéríà tí ń pín sí méjì. Àwọn bakitéríà náà kò pín mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń gùn bí òwú. Nígbà tí ó tú ọ̀ràn náà wò, ó rí i pé kì í ṣe iná ni ó fà á, bí kò ṣe platinum tí ó yòrò láti ara ọ̀pá tí iná ń gbà kọjá. Láti inú àwárí yìí ni oògùn jẹjẹrẹ tí ń jẹ́ cisplatin ti jáde, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1978.

Oògùn yìí kan ìdílé wa. Àbúrò ìyá mi, onídìrí, ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ń bá jà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé mẹ́táàlì ni wọn yóò gba inú iṣan fà sí i lára, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, ‘Tíṣà, ṣé ara mi ti wá di àgbẹ̀dẹ ni, tí wọ́n fẹ́ máa da irin sí i?’

Mo ní, ‘Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé rẹ̀. Bí àtè bá lẹ irun méjì pọ̀, ṣé òòyà yín lè kọjá níbẹ̀?’

Ó ní, ‘Níbo ni yóò gbà?’

Bí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí iyọ̀ ti pọ̀, platinum náà di chloride méjì mú. Nígbà tí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí chloride ti ṣọ̀wọ́n, a jọ̀wọ́ wọn, omi a sì rọ́pò wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá gbá guanine méjì tí ó sún mọ́ ara wọn mú lára okùn ìran, okùn náà a sì tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ pín sí méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà okùn ìran rẹ̀. Bí òòyà tí ń la okùn bá dé ojú àtè, a há. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá rí i tún ṣe, a kú. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí kì í sinmi àtipín, ni èyí sábà máa ń bá jù. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ pátápátá: ó lè pa kíndìnrín lára, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi omi púpọ̀ sí ara aláìsàn.

Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, ‘Nígbà náà, kí wọ́n má fi omi dù mí.’ Ó gba ìtọ́jú náà parí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín magnesium àti platinum kò ju bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń di nǹkan mú lọ: ọ̀kan ń rọra dì í, ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀, èkejì gbá a mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Kò sí èyí tí èdè wa kò gbé nínú rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí àròkọ aṣàlàyé mọ sórí bí a ti ń se àmàlà àti bí a ti ń hun aṣọ. Ẹ̀yin tí ń múra ìdánwò, ẹ wá ohun tí ó ṣòro, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan nílé tí kò ka ìwé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹni náà nílò láti fi gbèjà ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ẹ ó fún un.