Samsø, erékùṣù tí wọ́n ti sọ afẹ́fẹ́ di owó

Ilẹ̀ òyìnbó là ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo ayé ti mọ̀ o. Samsø là ń lọ, erékùṣù kékeré kan láàárín òkun ní Dẹ́nmáàkì. Béèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Hou, bíi wákàtí kan ni yóò fi gúnlẹ̀ ní Sælvig. Àwọn tó ń gbé gbogbo erékùṣù náà ò pé 4,000. Àgbẹ̀ pọ̀ nínú wọn, ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń gbìn sì lórúkọ ní gbogbo Dẹ́nmáàkì.

Àmọ́ kì í ṣe torí ọ̀dùnkún làwọn ọmọ iléèwé ṣe ń rọ́ lọ síbẹ̀ látòkèèrè. Ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n ń bá lọ.

Nígbà kan, wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé iná wá fún Samsø, èédú abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà. Epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, ọkọ̀ ló ń kó o wá. Lọ́dún 1997, ìjọba Dẹ́nmáàkì ní káwọn erékùṣù wá díje: èwo ló lè fi afẹ́fẹ́, oòrùn àti ohun inú oko gbọ́ bùkátà ara ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá? Samsø ló jáwé olúborí. Ìjọba ò kówó tì í o, orúkọ lásán ni wọ́n jẹ. Ẹnjiníà tó kọ ìwé ìdíje ọ̀hún gan-an kì í gbé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyà ń jẹ ìlú nígbà yẹn. Odò ẹran tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ń kógbá wọlé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó lọ.

Ibẹ̀ ni Søren Hermansen ti jáde. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ bíbí Samsø ni, tíṣà sì ni, ẹ̀kọ́ nípa àyíká ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àgbà ló kọ́kọ́ sọ di akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ìpàdé ló ń bá wọn jókòó sí, tòun ti kọfí àti bíà. Kò sì yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ayé ń gbóná. Ohun tí wọn yóò rí jẹ níbẹ̀ ló ń sọ. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn lójú tèmi, torí àgbẹ̀ tó ń wá owó ajílẹ̀, ta ló fẹ́ máa pariwo ayé sí létí?

Nígbà tó máa fi di ọdún 2000, wọ́n ti gbé fáànù ńlá mọ́kànlá dúró sórí ilẹ̀. Mẹ́sàn-án jẹ́ tàwọn àgbẹ̀, méjì tó kù jẹ́ tàwọn ará ìlú tó dáwó jọ ra ìpín. Wọ́n tún ri mẹ́wàá mọ́ inú òkun lápá gúúsù, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ni márùn-ún nínú ẹ̀ nígbà náà. Ṣẹ́ ẹ rí i, tí fáànù bá ń hó lójú oorun ẹ, tó o sì mọ̀ pé owó ẹ ló ń hó, o ò ní ta ko ó.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlejò, Energy Academy, ó wà ní Ballen. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Ilé náà fúnra ẹ̀ lẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: sólà wà lórí òrùlé, omi òjò ni wọ́n sì fi ń fọ ṣáláńgá. Béèyàn bá jáde nínú ẹ̀, yóò rí ibi tí wọ́n ti ń dáná pòròpórò ọkà oko wọn láti fi se omi, tí páìpù ń gbé omi gbígbóná náà lọ sí ilé dé ilé. Ní Nordby, àgùntàn ló ń jẹ koríko láàárín àwọn ẹ̀rọ tó ń gba oòrùn, kò sẹ́ni tó ń sanwó ro oko.

Ibi tí tíṣà ti gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fọ́mọ rèé. Wọ́n máa ń sọ pé Samsø ò lo epo mọ́. Ká má parọ́ fúnra wa, epo ṣì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Iná tí àwọn fáànù inú òkun ń ṣe, tí wọ́n ń tà sí ìyókù Dẹ́nmáàkì, ni wọ́n fi ń dí epo tí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi ń jó. Ìṣirò ni. Wọ́n ti wá ṣèlérí pé tó bá di ọdún 2030, àwọn yóò kẹ́yìn sí epo pátápátá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò rọrùn, torí láìsí ọkọ̀ ojú omi, kò sí Samsø.

Iṣẹ́ mìíràn tún ń dúró dè wọ́n. Irú fáànù bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju ogún sí ọgbọ̀n ọdún lọ, àwọn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní 2000 sì ti dàgbà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú lọ wò ó báyìí, tí wọ́n bá ṣì wà nílé nígbà náà, ọwọ́ wọn lówó tí wọn yóò fi ra tuntun yóò ti jáde.