Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rọ Giramafóònù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jogún giramafóònù bàbá rẹ̀ rí. Bí ohùn ẹ̀rọ náà bá há, gbohùngbohùn ńlá ni yóò sáré rà. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ nìkan ni ó ń fara kan ojú ìlà àwo orin. Abẹ́rẹ́ tí ó ti gbó a máa họ ohùn inú àwo dànù, èyí tí ó bá sì họ kò ṣe é dá padà mọ́.

Abẹ́rẹ́ kan náà kò sì bá gbogbo àwo mu. Ìlà àwo tí ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan fẹ̀ ju ti LP, tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948. Irú àwo 78 yìí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sí fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ LP sí i, ìsàlẹ̀ ìlà ni yóò rì sí, ariwo eruku ni yóò sì máa gbé jáde.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Yorùbá ayé ọjọ́un lẹ́nu àwọn tí ó sọ ọ́, abẹ́rẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Gbohùngbohùn lè dúró de owó oṣù tí ń bọ̀.