Kí Ni 7 Yẹn Ń Wá Níbẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í yé bi àwa àgbà tí a ti ń palẹ̀ mọ́: ta ló kọ irú jágbajàgba báyìí? Wọ́n á ṣí ètò tí báǹkì ti ń lò láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á rí i pé bí àkáǹtì kan bá ti ní 7 lára, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sanwó rẹ̀ àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Ìtumọ̀ 7 kò sí níbì kankan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pè é ní pàǹtírí, wọ́n á ní kí á wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ká tún un kọ. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ni 7 yẹn, ẹni tó gbọ́ ọ nígbà náà ni kò rí àyè míì kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ètò àtijọ́ di tuntun, ọ̀rọ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ wá lọ, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, káàdì lẹ́jà ni báǹkì ń lò. Káàdì kan fún àkáǹtì kan, owó tó wọlé lápá kan, èyí tó jáde lápá kejì, àti etí káàdì níbi tí akọ̀wé ti ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tí fọ́ọ̀mù kò bèèrè. Olówó ti kú, ẹbí ń jà sí i. Ìyá àti ọmọ ló jọ ni ín, kí ọ̀kan má gbà á lẹ́yìn èkejì. Àtàǹpàkò ló ń tẹ̀, ẹ wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ báǹkì nígbà náà, etí káàdì ni kó kà. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn ọ̀gá tó là wá lójú, àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa ni wọ́n máa ń pè. Lójú tèmi, akọ̀wé lẹ́jà lọ̀gá, torí òun ló mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n kó káàdì wọnú ẹ̀rọ, iye owó ráyè, etí káàdì kò ráyè. Àyè inú ẹ̀rọ wọ́n, ó wọ́n débi pé gbogbo ayé ń kọ 1975 ní 75, títí ọdún 2000 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ká wọn mọ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní àyè lẹ́tà kan ṣoṣo, tí akọ̀wé sì ka ohun mẹ́sàn-án fún ọ láti etí káàdì, 1 dé 9 lo máa kọ. Bí 7 ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bi wa ni pé a kò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí àṣẹ Báǹkì Àpapọ̀ ṣe máa ń já lu báǹkì, tòun ti ọjọ́ tí kò ṣeé sún síwájú, á mọ̀ pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í dúró ya àwòrán òrùlé.

Àṣẹ náà sì pọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2004, Soludo, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí 2005 fi máa parí, báǹkì 89 ti di 25, ètò kọ̀ǹpútà tí kò mọra rí sì di ará ilé kan náà. Ọdún 2010 ni ìlànà NUBAN jáde, tó sọ nọ́ńbà àkáǹtì di ẹyọ mẹ́wàá káàkiri. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, ló tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 2014, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti dùn ún sọ. Títí di ìgbà náà, lójú ẹ̀rọ, ẹni tó ní àkáǹtì mẹ́ta ní báǹkì mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta ni. Àkáǹtì ni ètò wa mọ̀, kò mọ ènìyàn. Nọ́ńbà ẹyọ mọ́kànlá yìí ló wá fi dandan mú un pé kí ẹ̀rọ mọ oníbàárà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, kó tó mọ ohun tó ní lọ́wọ́. Wọ́n pe èyí ní ọ̀rọ̀ ààbò, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́: ọ̀rọ̀ méjì tí a ti lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ní ká yà sọ́tọ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Eric Evans, kọ ìwé ní 2003, ó pe irú èrò yìí ní domain-driven design. Ohun tó ń wí ni pé kí iṣẹ́ máa darí ẹ̀rọ: kí ẹni tó ń kọ ètò àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jókòó títí wọn yóò fi ní èdè kan náà, kí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ètò. Ẹ wo alájọ tó ń yí ọjà Kútọ̀ ká. Káàdì rẹ̀ ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ tó bá jókòó sí ọ́fíìsì kọ ètò fún un á pe gbogbo ojú náà ní owó ìpamọ́. Ó ti ṣìnà: ojú kan lóṣù, owó iṣẹ́ alájọ ni. Bó bá tún pe èsúsú ní àjọ, ó bàjẹ́ pátápátá, torí nínú èsúsú ẹni tó kó lónìí ti jẹ gbèsè àwọn tó kù. Evans kò sì ní kí ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ kan níbi gbogbo. Onílẹ̀ lẹ́nu ará Ẹ̀gbá, ẹbí tó jogún ilẹ̀ ni. Ní Òkè-Mósàn tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní báǹkì, ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣeé fi dúró fún owó yíyá lonílẹ̀. Ọgbà mẹ́ta ni, kí a má wó ògiri wọn, kí a kàn la ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ yóò máa gbà láti ọgbà kan sí òmíràn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò ra èyí tí wọ́n ti kọ tán, tí báǹkì káàkiri ayé ti dán wò. Ìyípadà tó korò jù fún irú wa nìyẹn, nígbà tí àwọn tó ń kọ ètò di ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnì ètò ẹlòmíì. Síbẹ̀ n kò ní fi ìbínú dáhùn. Evans fúnra rẹ̀ gbà pé ohun tó bá jọra níbi gbogbo, kí a rà á. Ìṣirò owó wọlé-jáde ṣeé rà. Etí káàdì ni kò ṣeé rà. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún 2024, báǹkì Zenith kó lọ sórí Flexcube, GTBank lọ sórí Finacle, ètò òkè òkun ni méjèèjì, Sterling kúrò lórí T24, ti òkè òkun náà, lọ sórí SeaBaaS tí wọ́n kọ́ nílé níbí. Inú àwọn oníbàárà kò dùn sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ọjọ́ tí wọn kò rí owó wọn gbà. Ti ilé kò sàn ju ti àjò lọ́jọ́ náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Báǹkì TSB ní Ìlú Ọba kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì oníbàárà ni ilẹ̀kùn tì mọ́ta. Ní 2022, wọ́n ní kó san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 48 pọ́n-ùn. Kíkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló jọ ara wọn nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì le díẹ̀: pé oúnjẹ wa là ń gbèjà. Bóyá. Ẹni tí òun nìkan mọ ìtumọ̀ 7 kì í tètè rí ìwé ìdádúró, àwọn kan nínú wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń wí yìí gan-an ló ń gba oúnjẹ náà lẹ́nu ẹni, torí ó ní kí á sọ gbogbo rẹ̀ síta. Ó ní kí á ṣe bí igi ọdán tó hù lórí ọ̀pẹ, tó ń sọ gbòǹgbò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀pẹ ṣì ń so ẹyìn. Irú igi bẹ́ẹ̀ ní Australia ni Martin Fowler, òǹkọ̀wé nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fi sọ ọ̀nà yìí lórúkọ ní 2004. A ó yọ 7 nìkan, a ó fún un lórúkọ, àkáǹtì olóògbé, a ó kọ́ ilé tirẹ̀ fún un, ètò àtijọ́ á máa rán àwọn tó bá kàn án síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, 3. Bí a bá dé orí 4, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ọ́fíìsì, kí á má ṣe fọwọ́ kàn án. Àwọn akọ̀wé lẹ́jà ṣì wà ní Kútọ̀ àti Ìbarà níbí, inú báǹkì yìí náà ni wọ́n ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì wọn lóṣooṣù, orí ìlà ni wọ́n ń dúró sí bíi gbogbo ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.