Ta Ló Fi Ọ̀rọ̀ Sí Wọn Lẹ́nu?

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ ní kíláàsì pé eré alárìnjó ti pẹ́, pé ààfin Ọ̀yọ́ ló ti wá. Èmi o, àwọn ẹni mẹ́fà kan tí a kì í dárúkọ wọn ni kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ìgbòho ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, Òkè-Ògùn kan náà pẹ̀lú Ṣakí tí wọ́n bí mi sí. Aláàfin Abípa fẹ́ kó gbogbo ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ó ti tó nǹkan bí 400 ọdún báyìí. Àwọn ìjòyè ò fẹ́ lọ, Ìgbòho ti mọ́ wọn lára. Samuel Johnson sọ ohun tí wọ́n ṣe nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Baṣọ̀run rán abuké, Alápìn-ín-ni rán àfín, Lágùnnà rán aràrá, Akíníkú rán arọ, àwọn méjì tó kù náà rán tiwọn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ máa ṣe bí iwin lórí òkè Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n máa ké lóru pé kò sí àyè, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Àwọn ọdẹ ọba mú wọn ṣá. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Joel Adédèjì, tó ṣèwádìí eré alárìnjó, ka ìtàn yìí mọ́ ìpìlẹ̀ eré náà.

Òṣèré ni wọ́n, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjòyè ni wọ́n ń sọ. Ara wọn nìkan ni wọ́n rí mú wá síbẹ̀.

Àwọn tí ọpọlọ wọn ń lọ́ra ò tiẹ̀ sí lára àwọn mẹ́fà. "Dìndìnrìn" là ń pè wọ́n, èébú lásán. Nínú eré tiwa, ẹni tí orí ẹ̀ pé ló sábà máa ń ṣe dìndìnrìn, a ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Ní Geelong, ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ Back to Back Theatre ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1987 ni wọ́n ti wà. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí gan-an ni òṣèré wọn. Àwọn àti olùdarí wọn ló jọ ń hun eré. Wọn a sọ̀rọ̀, wọn a jiyàn, wọn a fara dán an wò, títí eré á fi jáde níbẹ̀. Ní ti The Shadow Whose Prey the Hunter Becomes (2019), orúkọ àwọn òṣèré wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Ibsen ti àgbáyé ní 2022, Venice fún wọn ní Kìnnìún Wúrà ní 2024. Ẹ̀bùn wuyì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ló wù mí jù.

Ní ọlidé tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin kan ní agboolé wa dán ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ wò lábẹ́ igi emi. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo ní kó ṣe iwin. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọba lòun. Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Èmi wá di iwin, mò ń ké pé kò sí àyè. Ó wò mí títí. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́, ìyá ẹ̀ ní kí n dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó ní, "Iwin, ṣé ebi ń pa ẹ́ ni? Jókòó."

Johnson ò kọ ìyẹn.

Ẹgbẹ́ wa ń wá eré tí a máa ṣe ní ìparí sáà. Tó bá jẹ́ ti ọba orí odó la máa ṣe, ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ de ọmọ náà o. Àwa la máa wọkọ̀ lọ bá a ní Ṣakí, orúkọ ẹ̀ ló sì máa ṣáájú tiwa lórí ìwé eré. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó mú sùúrù dání. Owó ọkọ̀ náà.