Ta Ni Yóò Tọ́jú Àwo Orin Accra?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kì í gbọ́ gìtá Ebo Taylor kí inú mi dùn tán. Òun àti Fẹlá wa jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ orin. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Rawlings gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1981, òfin kónílé-ó-gbélé ti ilé ijó Accra pa. Ọ̀pọ̀ olórin sá kúrò nílùú. Àwọn mìíràn gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, gìtá highlife sì di ti orin ìyìn. Eruku bo àwo fọ́ńkì wọn.

Òyìnbó ló wá wú wọn jáde: Soundway ti Ìlú Ọba gbé Ghana Soundz jáde ní 2002. Ó dùn mí, àmọ́ mo ra tèmi. (Kí ni ǹ bá ṣe?)

John Collins, òyìnbó tó di ọmọ Ghana, ti ń kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ sí Ofankor, ní Accra, láti 1990. Àgbàrá òjò wọ ibẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, 2011, ó ba púpọ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí bàbá yín wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ní Ghana ní 1969, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpótí rẹ̀ wò kí ẹ tó kó o dà sí ààtàn.