Ànàmọ́ Dídùn fún Oúnjẹ Kérésì

Bí Kérésì ti ń bọ̀ yìí, ìrẹsì, fùfú àti adìẹ ló gba ẹnu gbogbo wa. Ànàmọ́ tí a ń bù sí ẹ̀gbẹ́ àwo ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní Atakpamé níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ànàmọ́ sí oúnjẹ ọdún. Iṣu ló ni iyì; òun la ń ṣe Odon-Itsu fún. Bẹ́ẹ̀, orúkọ wa ló wà lára ànàmọ́: anagote ni àwọn Ewé ń pè é. Te ni iṣu lédè wọn, Anago sì ni àwa Yorùbá. Iṣu Yorùbá nìyẹn o! Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹ̀ wá, kò bá iṣu tan rárá. Àwọn Adúláwọ̀ ibẹ̀ náà ń pè é ní iṣu, wọ́n sì ń fi bọ́tà àti ṣúgà sè é fún Kérésì.

Bí a ṣe ń sè é nílé wa nìyí. Kílò 1 tó ènìyàn 6. Ẹ bó o, ẹ gé e nípọn bí ìka 2, ẹ kó o sínú omi tútù pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ tó gbé e kaná. Ẹ má jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Bó bá ń rọra gbóná, adùn rẹ̀ á pọ̀ sí i, torí sítáàṣì inú rẹ̀ ló ń di ṣúgà. Bí ọ̀bẹ bá ti ń wọ̀ ọ́, tí kò sì tíì rọ̀ jù, ẹ da omi náà nù. Nínú ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu, ẹ yọ́ bọ́tà ṣíbí 2, ẹ fi oyin tàbí ṣúgà ṣíbí 3 sí i, pẹ̀lú atalẹ̀ rínrin díẹ̀ àti ìdajì ife omi. Ẹ to ànàmọ́ sí i. Ẹ má rò ó bí ọbẹ̀, yóò fọ́. Ṣíbí ni kí ẹ máa fi bu omi rẹ̀ lé e lórí. Bí omi náà bá ki, tó ń dán lára rẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe torí adùn nìkan ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé Lomé. Faransé ni ti ilé ìwé, Mina ni ti àdúgbò. Ìyá wa kò gbọ́ Faransé. Bí wọ́n bá wá ṣọdún, wọ́n á kí Ìyá, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìyá á jókòó síbi kan, àwọn ọmọ á tẹjú mọ́ fóònù.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí Ìyá ṣe olórí ìkòkò ànàmọ́, kí àwọn ọmọ máa ràn án lọ́wọ́. Agbára wọn kò ká odó fùfú, adìẹ sì wọ́n ju ohun tí a lè fi kọ́ṣẹ́ lọ. Ànàmọ́ kò le, kò sì wọ́n. Ìyá kò túmọ̀ ohunkóhun fún wọn. "Bó o." "Gé e." "Dín iná kù." "Tọ́ ọ wò." Ọwọ́ rẹ̀ ló ń túmọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá ni wọ́n mú lọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ti ṣíbí bọ ìkòkò, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún 9, ló pariwo pé: "Bàbá, ẹ má rò ó, yóò fọ́!" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ti Lomé, Cotonou tàbí Èkó bọ̀ wálé, ẹ fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìyá àgbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nílé tiyín, ṣé ànàmọ́ lẹ ń pè é, àbí kúkúǹdùnkún, àbí orúkọ mìíràn? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ọdún tó parí.