Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọjà bá pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, dírẹ́bà ni a máa ń bá wí, tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Èmi tí mo ń pín mílíìkì, bisikíìtì àti ọṣẹ fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ìbàdàn wí fún yín pé inú sítọ́ọ̀ ni ìdádúró ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan, mo ń ra ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún mi, ọjọ́ Ẹtì ni mo ń rí wọn. Mo lọ sí sítọ́ọ̀ wọn: ọjà kún dé àjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí mílíìkì wà. Ìyá kan ní Mọ́níyà, tí ó ti fi owó èsúsú san tirẹ̀ fún mi, ń retí. Àwọn tí ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, àwọn kan kò sì padà mọ́. Èsúsú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó mú mi to sítọ́ọ̀ tèmi.

Ọjà tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ó ń kọ́kọ́ jáde. Bí páálí tuntun bá dé, ẹ̀yìn ni à ń kó o sí, nítorí NAFDAC kò gbà kí a ta oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ohun tí ó tètè ń tà wà nítòsí ilẹ̀kùn. Káàdì wà lára òkìtì kọ̀ọ̀kan: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye tí ó kù. Ní ìrọ̀lẹ́, a ń ka òkìtì mẹ́ta, a sì ń fi wé káàdì. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí: ẹni tí kò pe rẹ́jísítà kò lè mọ ọmọ tí kò wá.

Bí ọkọ̀ bá ń ti Dùgbẹ̀ lọ sí Bódìjà, Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà, ẹrù Mọ́níyà ni a ń kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀, ti Bódìjà ni a ń kó kẹ́yìn, kí dírẹ́bà má baà máa tú ẹrù lójú títì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, pẹtiróòlù fò láti nǹkan bí náírà 190 lítà kan kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, ìrìn asán kan tó láti jẹ èrè ọjọ́ kan tán.

N kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni láìwo káàdì. Bí ọjà kò bá sí, mo ń tẹ oníbàárà láago kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó lè wá a síbòmíràn. Ó lè bínú lónìí, ṣùgbọ́n yóò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lọ́la. Bí ọjà bá tán ní sítọ́ọ̀, a ó tún un rà. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé oníbàárà bá tán, ọjà wo ni a ó ti rà á?